Gbogbo Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀dà Houston ní oṣù keje, kó má sọ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oòrùn. Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, lọ́dún 1985, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan ní Brays Oaks parí ìsìn, wọ́n kọrin jáde, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn kò bá bàtà kankan níbẹ̀. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ti ń rọra gbẹ́sẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run bí ẹni tó ni ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nún lórí ọ̀dà bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ìyá àgbà kan tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró lé e lórí, ó ń pe Jésù.

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ń bọ́ ọ sí, lọ́wọ́ òsì. Lọ́wọ́ ọ̀tún, láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni wọ́n to páálí bàtà àlòkù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun àti ìyàn lé kúrò nílé ní Etiópíà. Òsì àti ọ̀tún, awakọ̀ tó wá kó ẹrù kò mọ ìyàtọ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń kọrin nínú ilé, kò fẹ́ da ìsìn rú, ó sì kó ohun gbogbo.

“Ó juwọ́ sí mi láti window,” ni Fúnmi wí, ọmọ ọdún méje. “Èmi náà sì juwọ́ sí i.”

Kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀ náà. Múyìwá, bàbá Fúnmi, ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Múyìwá ló dá ọ̀rọ̀ Etiópíà yìí sílẹ̀ nínú ìjọ. Iléeṣẹ́ epo tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ fún ti dá a dúró láti ìgbà òtútù, kò sì sí ohun tó burú tó ọkùnrin tí kò níṣẹ́ tí kò sì lè jókòó. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọ̀sán ni wọ́n sì ń fi àwọn ọmọdé tí egungun wọn ṣeé kà hàn án. Yóò dìde, yóò rìn dé ilé ìdáná, yóò padà wá jókòó, àwọn ọmọ náà kò ní tíì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó yá ló ní òun yóò ṣe nǹkan kan, kí ara òun lè balẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ bi í léèrè ibi tí ẹrù yóò wà, ó dá a lóhùn pé, “Gbogbo bàtà tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kó o.”

Wòlíì Mákánjúọlá, olórí ìjọ náà, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Fíríìjì ni bàbá yìí ń tún ṣe láàrin ọ̀sẹ̀, bàtà awọ ọ̀nì kan ṣoṣo tó sì ní láyé wà lára èyí tó lọ. Síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ fi sílẹ̀ o! Ohun tí èèyàn bá ti fún Ọlọ́run, kì í lọ gbà á padà. Ẹ ò rí i pé Ẹ̀mí ló kó o?”

“Àmín!” ni wọ́n dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmín àwọn míì kò kọjá eyín.

Mojọlá, ìyàwó Múyìwá, kò ṣe àmín. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. “Bàtà Fúnmi ńkọ́?”

Kò sí ẹni tí kò mọ bàtà Fúnmi. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà kúrú ju ọ̀tún lọ láti inú oyún wá. Àwọn dókítà wọn ẹsẹ̀ náà, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n wá ṣe bàtà kan fún un tí ìsàlẹ̀ ti òsì nípọn bíi búrẹ́dì. Láti ìgbà tó ti wọ̀ ọ́ ló ti ń rìn gbọnrangandan, tó ń sáré, tó ń já ìyá rẹ̀ láyà lórí àtẹ̀gùn. Láìsí i, ìbàdí a máa dùn ún títí tí yóò fi sunkún. Ìwé insurance ìtọ́jú ara tí iléeṣẹ́ epo fún Múyìwá ni wọ́n fi ṣe é, ìwé náà sì ti bá iṣẹ́ lọ.

“Ọlọ́run á pèsè òmíràn,” ni Wòlíì wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: àgbà tó bá ti sọ̀rọ̀ lójú èrò, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, ó di dandan kó dúró lórí rẹ̀.

Mojọlá súnmọ́ ọkọ rẹ̀. “Daddy Fúnmi, container Etiópíà yẹn máa kúrò ní League City lónìí, àbí? Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ báyìí. Bàbá Wòlíì kọ́ ló máa gbé ọmọ yìí lọ sí school.”

Múyìwá kò dúró bọ́ aṣọ funfun. Ó wọ inú mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Irin tó ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, freeway kún fọ́fọ́ bí ẹni pé gbogbo Houston ló ń sáré lọ sí etí òkun, òun náà sì ń yọ síhìn-ín, ó ń yọ sọ́hùn-ún, ó ń bú ara rẹ̀. Ta ló rán an? Ṣé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò ló ń bá ará àdúgbò kan òrùlé? Bó bá ti rò bẹ́ẹ̀ tán, ojú á tì í, á rántí àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n. Kò tíì pẹ́ tí ojú tì í tí yóò tún rántí ìbàdí Fúnmi, á sì tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni àwọn tó ń kó ẹrù náà ránṣẹ́ ń lò ní League City. Kọ̀ǹtéénà ṣì wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń to ẹrù, ará Etiópíà fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí Múyìwá tó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán, ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹrí ba.

“Bàbá, ẹ súre fún mi.”

“Èmi kì í ṣe àlùfáà o!”

“Ní ìlú wa, aṣọ funfun là ń wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run. A sì ń bọ́ bàtà.”

“Àwa náà ń bọ́ bàtà,” ni Múyìwá wí, “ohun tó kó wa sí wàhálà nìyẹn.” Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ti oníkálukú pẹ̀lú ohùn ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò nílò ògbifọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di kọ̀ǹtéénà mú. Ó ní òun ti ń fura. Bàtà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀! Ó mú un dé ibi tó kó wọn sí lọ́tọ̀. Ó gbé bàtà Wòlíì sókè. “Awọ ọ̀nì! Nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń tò fún omi! Ta ni kí n fi èyí ránṣẹ́ sí?”

Múyìwá ń tú òkìtì bàtà náà. Ó tú u dé ìsàlẹ̀. “Ó ku ọ̀kan. Ti ọmọdé. Aláwọ̀ búráùn, ìsàlẹ̀ ti òsì nípọn.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé páálí kékeré kan wá tí ó ti fi okùn dì, ó sì jókòó lórí àpò aṣọ kan, páálí náà lórí itan rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọ kan,” ló wí. “Ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ òfuurufú ìjọba wá. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń yàn, torí ìgbà yẹn ni èèyàn máa ń pọ̀. Bọ́ǹbù ṣẹ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e pọ̀n rìn dé ààlà Sudan, kò sì sí dókítà títí wọ́n fi débẹ̀. Egungun náà fúnra rẹ̀ ló so pọ̀ lójú ọ̀nà, bó ṣe wù ú. Inú àgọ́ ni wọ́n wà báyìí. Ẹsẹ̀ kan kúrú.”

Ẹ má ṣe sọ pé mo fi irọ́ kún un. Níbi tí bọ́ǹbù bá ti ń já, ẹsẹ̀ kúkúrú kì í wọ́n.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to bàtà níbí,” ni ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Bàtà ijó, bàtà yìnyín, bàtà ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan kò fún wa ní irú èyí rí. Nígbà tí mo rí i lónìí, mo kúnlẹ̀ síbí.”

Múyìwá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbàdí Fúnmi, nípa iṣẹ́ tó bọ́, nípa dókítà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ọmọ mi ló ni ín.”

“Mo mọ̀. Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti mọ̀.”

Ó tú okùn. Aṣọ pénpé kan àti ìbọ̀sẹ̀ méjì ló fi wé bàtà náà. Ó tú wọn kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú bàtà fún Múyìwá, bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àgbà.

“Tó bá ti kéré fún un, màá mú un wá,” ni Múyìwá sáré wí. “Mo ṣe ìlérí. Ẹ mọ ọmọdé, wọ́n ń yára dàgbà. Bó pẹ́ tán, ní ìwọ̀n ọdún kan, á ti kéré.”

“Òun náà ń dàgbà,” ni ọkùnrin náà wí.

Kò bínú sọ ọ́. Bí ó bá bínú, ìbá sàn fún Múyìwá. Ó tún bá a wá àpò, ó bá a kó bàtà ìjọ sínú mọ́tò, ti ọ̀nì wà lókè pátápátá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò fi yí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Múyìwá kò rí ojú jókòó rárá. Fúnmi ń sáré lórí àtẹ̀gùn apartment wọn, ti òsì ń dún kó, ti ọ̀tún ń dún pẹ́, ìró tí bàbá rẹ̀ ti ń fi dúpẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń sá fún. Yóò bọ́ síta, yóò wọlé. Mojọlá bi í, “Kí ló dé? Ṣé wọ́n bú yín níbẹ̀ ni?” Ó ní rárá, wọ́n ṣe dáadáa sí òun. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì ń gún un.

Mojọlá ní àfi kí àwọn dúpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó mú ọkọ àti ọmọ jáde síwájú pẹpẹ, ó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe dá bàtà padà. Ìjọ hó yèè. Wòlíì pàápàá, tó ti gba bàtà ọ̀nì rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni jiyàn, gbé orin ọpẹ́, gbogbo wọn sì ń jó.

“Daddy Fúnmi, ẹ jó o!”

Ẹsẹ̀ Múyìwá kò gbé. Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì jẹ́ kó jábọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè títí orin fi dá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan.” Ó wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, ohun tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀: ọjà, ọkọ̀ òfuurufú, ẹsẹ̀, páálí kékeré tí wọ́n ti dì tán. Mojọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Fúnmi, tó fara ti ìyá rẹ̀ nítorí kò wọ bàtà, ń wo bàbá rẹ̀ lójú.

Wòlíì kò wàásù. Ó tan àbẹ́là, ó kúnlẹ̀, gbogbo ìjọ sì kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Nínú ìjọ wọn, wọn kì í sọ àdúrà sókè bí ẹni ju òkò sínú igbó. Orúkọ ẹni tí àdúrà wà fún, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí i, ni wọ́n fi ń gbé e lọ síwájú Ọlọ́run.

“Kí lorúkọ ọmọ náà?”

Múyìwá wo ẹsẹ̀ Fúnmi.

“Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́?” Wòlíì rọra béèrè. “Orúkọ ìyá náà tó. Ọlọ́run á mọ̀ ọ́n.”

“Mi ò béèrè, Bàbá,” ni Múyìwá wí. “Mo ti rí bàtà ọmọ tèmi gbà.”