Ọtí Ọ̀fẹ́ ní Ìdákọ̀ró

Wọ́n ti ń mu ún. Ọlọ́run mi, wọ́n ti ń mu ún... Perran ló kọ́kọ́ nawọ́. Perran! Àbúrò bàbá mi, ẹni tó dúró lórí èbúté lánàá tó ń pariwo bí ẹyẹ òkun: "Ọtí Aldous ò gbọdọ̀ kan ètè ẹnikẹ́ni! Ẹni tó bá mu ún, kó má pe ara ẹ̀ ní apẹja mọ́ ní Cornwall yìí." Ìfófó ọtí ọ̀hún ló wà ní irunmú rẹ̀ yìí. Alátẹnujẹ.

Mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ ọtí nídìí káńtà. Ife kún. Mo tì í síwájú. Ó ku òmíràn.

Torí yàrá òkè ilé ọtí yìí la ṣe ń bá Aldous jà. Torí yàrá kan ṣoṣo tí Bàbá Denzil ń gbé láti ìgbà tó ti ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Aldous ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ọtí Ìdákọ̀ró yìí, ó kùn ún lọ́dà, ó sì rí i pé àwọn ará London á san owó gidi láti máa wo òkun lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, kí arúgbó kó ẹrù. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì. "Ẹ má bínú, bàbá, òwò ni." Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́ — olóríburúkú.

Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ kankan ò jáde, ilé kún. Ó mọ̀. Ó lu aago ìdí káńtà: "Gbogbo ilé, ẹ mu! Èmi ni mo rà á!" Ó bá wọ ilé ìdáná lọ, ó lọ wo páì ẹja. Ó mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá mu ọtí rẹ ò lè lanu bú ọ títí yóò fi ra tìrẹ padà. Ta ló sì fẹ́ ra ọtí fún ọlọ́tí? Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ọ̀rọ̀ parí.

"Fi kún un, Tamsin, ìfófó kọ́ ni mo wá mu." Zacky nìyẹn, tí mo kọ pátákó ìfẹ̀hónúhàn fún, tó gbé e kọ́rùn káàkiri ìlú. "Ọmọ yunifásítì, tújú ká!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Mo kórìíra wọn. Ojo, ojo, gbogbo wọn — tí wọ́n ta arúgbó ní ife ọtí kan...

Bàbá Denzil jókòó nídìí iná. Kò sí ife níwájú rẹ̀. Kò wo Perran. Kò wo Zacky. Ó ń wo —

Kí ló dé tó ń wo ọwọ́ mi?

Iṣẹ́ mi ni, bàbá. Mo ń ṣe iṣẹ́ mi, mo gbọ́dọ̀ jẹun, kì í ṣe pé mo...

Aldous wà ní ilé ìdáná. Kò tíì fọwọ́ kan ife kan. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gbà á. Òmíràn sì ti ń kún.