Ilá Dókítà Nọ́fíù

Nọ́fíù kì í ṣe dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá ẹni tó bá pè é ní Nọ́fíù lásán lóhùn ní gbogbo Fairwood, àdúgbò tó ń gbé lókè òkun. Ilá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó ń fún omi ilá, ó ń sá a títí yóò fi gbẹ, tí yóò fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, kí wọ́n lè máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ kó máa fa omi ọgbẹ́ mu. Bó bá jù ú sínú omi tí wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀, á wú ní ìlọ́po ogún.

Adétutù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní Glenn Dale, ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Dókítà, ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú omi iyọ̀.”

“Ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni?”

Nígbà tí Bridget, ọ̀gá wọn, fẹ́ yan ẹni tí yóò darí iṣẹ́ náà, Nọ́fíù ní láàbù kéré sí irú ọlá bẹ́ẹ̀. Ó pe Bridget wá jẹun ọ̀sán Sátidé nílé rẹ̀, kó lè rí ilá, kó sì rí ilé. Ó pe Adétutù náà, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń yan ẹlòmíràn.

Nọ́fíù wọ kóòtù funfun nínú ilé ara rẹ̀. Ó bu omi láti inú ìgò tó ti gbé sórí tábìlì láti àárọ̀ sínú abọ́, ó ju ilá gbígbẹ sí i.

“Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Ogún pé. Ilá náà wú díẹ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ó bá dúró síbẹ̀.

“Ooru ilé yìí ni, ọ̀gá.”

“Má dá ooru lẹ́jọ́,” ni ìyá rẹ̀, Alhájà Asiyah, tó ti Ọ̀yọ́ wá kí i, wí láti ìdí sítóòfù. “Mo tọ́ omi yẹn wò láàárọ̀, ó tẹ́. Mo bá da iyọ̀ sí i. Ta ní í fi ilá sómi láìsí iyọ̀?”

“Màámi! Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Kì í ṣe ilá jíjẹ, ojú ọgbẹ́ la fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́!”

“Ojú ọgbẹ́? Nígbà tó o já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, tó ò ń lá ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ, ṣé ṣúgà lo bá níbẹ̀?”

Bridget yíjú sí Adétutù. “Kí ni iyọ̀ ń ṣe sí i?”

“Okùn tín-ín-tín inú ilá yẹn ń ti ara wọn sẹ́yìn ni, mà, omi á ráyè wọlé. Bí iyọ̀ bá dé, á pẹ̀tù síjà wọn, wọ́n á fún pọ̀, omi ò ní ráyè mọ́. Ó ní ohun tá a lè pò mọ́ ọn tí á fi máa wú nínú iyọ̀ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ látoṣù kẹta.”

“Ta lo kọ ọ́ sí?”

Adétutù wo ilẹ̀. “Dókítà ni.”

“Ó dáa. Láti Mọ́ńdè, ìwọ ni wàá máa darí iṣẹ́ yìí. Dókítà á máa ràn ọ́ lọ́wọ́.”

Nọ́fíù bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò.

“Màámi, ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀.”

“Báwo ló ṣe fẹ́ ní? Inú ìgò rẹ ni mo da gbogbo rẹ̀ sí.”