Àsíá Leitrim Lọ́wọ́ Ará Roscommon

Igi méjì ló gbé àsíá ńlá àwọn ará Leitrim, ìpínlẹ̀ kan ní Ireland, ró. Ẹnì kan á di tọ̀tún mú, ẹnì kan á di tòsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Leitrim kò ní bá wọn yan níbi ìwọ́de lọ́dún náà. Dympna Gilrane ló máa ń gbé tọ̀tún, àbúrò rẹ̀ Packie a gbé tòsì. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn, tí wọ́n sì jà lórí ilé tó fi sílẹ̀ fún Dympna, Packie kò kí i mọ́. Ìjà náà ti sú Dympna pátápátá. Ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ padà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọ́de ọdọọdún àwọn ará Ireland ní Woodlawn, ní New York, bí àwọn oníjó kéékèèké ṣe ń di wíìgì wọn mú nítorí afẹ́fẹ́, Dympna lọ bá Malachy Beirne, ará Roscommon, ìpínlẹ̀ tó bá tiwọn pààlà.

"Malachy, wá bá mi gbé apá kejì."

"Èmi kẹ̀? Àsíá Leitrim? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Àwọn èèyàn yín á lù mí pa!"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó bínú."

Malachy bú sẹ́rìn-ín. "Packie nìyẹn! Gbé igi wá, ìkà obìnrin."

Ààlà kan ló wà láàárín Leitrim àti Roscommon, àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti kan bọ́ọ̀lù, wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Packie sì le jù nínú wọn.

Ó dúró níwájú ilé ọtí, ife lọ́wọ́. Dympna ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé àsíá náà bọ̀. Bí Packie bá gbójú kúrò lónìí, Dympna kò ní gbìyànjú mọ́ láé.

"Packie!" Malachy kígbe. "Àsíá yín fúyẹ́ o! Bíi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín!"

Packie wolẹ̀. Wọ́n ti ń kọjá lọ, omi sì ti lé sójú Dympna, nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

"Ìwọ Malachy! Gbé ọwọ́ ẹlẹ́gbin yẹn kúrò níbẹ̀! Ìyá mi ló rán etí aṣọ yẹn!"

Packie ti fo irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ó já igi náà gbà.

"Kí ló tiẹ̀ dá ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀?" ni Malachy wí. "Apá ti ń ro mí."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń yan lọ. Afẹ́fẹ́ gbá àsíá náà, wọ́n jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

"Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀," ni Packie wí.

"Mo ti gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n yọ igi, wọ́n sì ń ká aṣọ náà, tí oníkálukú ń rìn bọ̀ wá pàdé èkejì títí ọwọ́ wọn fi kanra. Packie kò jẹ́ kí igun tiẹ̀ lọ.

"Ará Roscommon, Dympna! Nínú gbogbo èèyàn!"

"Bí o kò bá wá lẹ́ẹ̀míì, ará Mayo tó burú ju Roscommon lọ ni mo máa pè."

Packie rẹ́rìn-ín, ó fi apá nu ojú. Ìgbà tó yá, ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé tíì wà nílé ìyá wa?"

"Ó wà," ni Dympna wí. "Máa bọ̀."