Ẹni Tí Wọ́n Gbé Sí Ẹ̀bá Ààtàn

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí títí di òní, tí mo bá rántí àmín tí a ṣe lọ́jọ́ náà, ó máa ń rí mi lára.

Mọ́fẹ́yìsára ni mí, ọmọ Ìkirè. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, mo sì gba yàrá kan ní Lásunwọ̀n. Ní ìjọ wa tí kò jìnnà sílé, èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Lóṣù yẹn, ìgbé ayé àwọn Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ nílùú Róòmù ni ẹ̀kọ́ wa.

Mo kàwé dáadáa kí n tó lọ. Mo sọ fún wọn pé ní Róòmù ayé àtijọ́, tí wọ́n bá bímọ tí bàbá kò fẹ́, wọ́n lè gbé e lọ sórí ààtàn kí ajá jẹ ẹ́, tàbí kí ẹnì kan gbé e kó lọ fi ṣẹrú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kọ irú ìwà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wálé wá wò. Mo sọ nípa àjàkálẹ̀ àrùn tó jà nígbà náà: bí ará ilé ṣe ń gbé ará ilé jù sójú títì nígbà tí èémí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹni tó lówó ń sá lọ sóko. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì dúró. Wọ́n ń wẹ aláìsàn, wọ́n ń fún un lómi, ì báà ṣe tiwọn, ì báà ṣe abọ̀rìṣà. Púpọ̀ nínú wọn kó àrùn náà, wọ́n sì kú. Mo ní ohun tí àwọn ará Róòmù rí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé irú ẹ̀sìn wo lèyí.

Díákónì Abọ́dúnrìn sunkún. Ó dìde, ó nu ojú, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ìjọ wa ní irú ọkàn yẹn. A ṣe àmín títí ohùn fi há.

Díákónì yìí náà ni onílé fi ṣe alámòójútó ilé tí mo ń gbé. Yàrá mẹ́jọ ni ilé náà, mẹ́rin nínú àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí kíláàsì mi. Yàrá tó kángun sẹ́yìn ni ti Ìyá Mùlíkátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó ń ta ẹja yíyan ní Gáréèjì. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a jà. Egbò kan yọ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹra lọ sókè, ó sì ti tó oṣù méjì tí kò ti lè lọ sọ́jà mọ́.

Kí n má purọ́, egbò náà ń rùn. Òórùn rẹ̀ dà bí ti eku tó kú sábẹ́ àpótí. Ó ń bá wa dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀, eṣinṣin sì ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wá bà lé abọ́ wa. Mo máa ń kí i láti òkèèrè, màá ní, "Ìyá, ara ń le bí?" Kó tó dáhùn, mo ti ti ilẹ̀kùn mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Díákónì pe gbogbo ilé jọ.

"Ìyá yẹn gbọ́dọ̀ lọ," ó wí. "Àìsàn rẹ̀ lè ran àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká jọ fọwọ́ síwèé, kí onílé má bàa rò pé èmi nìkan ni."

Mo mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà kì í ràn. Mo kàn béèrè pé, "Níbo ló máa lọ, sà?"

"Ó lẹ́bí ní Ẹ̀pẹ́. Kí àwọn Mùsùlùmí tọ́jú ara wọn."

Bírò dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì fọwọ́ sí i.

Ní Tọ́sìdeè, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ilẹ̀kùn Ìyá ṣí sílẹ̀, ìyàwó Díákónì ń fi Ìsáàlì fọ ilẹ̀ yàrá náà. Ó ní àbúrò òun ló fẹ́ kó wọbẹ̀ ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ ti wà níta ní ìdúró.

"Ìyá ńkọ́?" mo bi í.

Ó fi ẹnu tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yìnkùlé ni a ń da ilẹ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ ààtàn ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní Ìyá sí, wọ́n sì da ìborùn rẹ̀ bò ó. Eṣinṣin ṣú bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo rí ìdin nínú egbò náà, mo sì bì. Mo fara ti ògiri, mo bì títí kò fi sí nǹkan nínú mi mọ́. Nígbà tí mo nu ẹnu mi tán ni mo wá rí ibi tí mo wà. Ọjọ́ mẹ́rin péré sẹ́yìn ni mo sọ̀rọ̀ nípa irú ibẹ̀ yẹn, tí ohùn mi ń lọ sókè sódò.

"Mọ́fẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ìyá sọ. "Bá mi bu omi."

Mo bu omi fún un. Mo gbé omi kaná, mo fi iyọ̀ sí i, mo ya aṣọ àlòkù sí wẹ́wẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdin náà. Kò sí ìfẹ́ kankan lọ́kàn mi, ìríra ló kún ibẹ̀, n kò sì mọ èyí tí egbò náà fà àti èyí tí ìwà èmi fúnra mi fà.

Díákónì jáde wá, ó fi áńkáṣífù di imú.

"Tíṣà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ máa kó àrùn wọlé fún wa."

"Bàbá Díákónì, ẹ sunkún lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Ẹ̀kọ́ Bíbélì nìyẹn," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ilé lèyí."

Ó wọlé lọ. Kò bínú rárá. Ohun tó sọ yé òun fúnra rẹ̀ dáadáa.

Mo gbé Ìyá dé etí títì. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá méjì wò wá, wọ́n sì wakọ̀ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ẹsẹ̀ náà kò ṣe é gbà là mọ́, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún lọ́jọ́ kejì. Mo wá nọ́ńbà àbúrò Ìyá nínú fóònù Ìyá, mo sì pè é. Bísíríyù lorúkọ rẹ̀, apẹja ni ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá ti fi àìsàn náà pa mọ́ fún un kó má bàa dààmú.

"Ta ló gbé ẹ̀gbọ́n mi síta?" ó bi mí nígbà tó dé.

"Àwa ni, sà. Èmi náà fọwọ́ sí i."

Ó wò mí, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú kíláàsì, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pa mọ́. Kò sẹ́ni tó sunkún. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn yòókù ń wo mí bí ẹni tó ṣu sórí ẹní. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Ọláníyọnu pè mí sí ọ́fíìsì.

"Sísítà, ẹ dójú ti ìjọ," ó wí. "Ẹ sinmi díẹ̀ ná. Díákónì á máa bá wa mú kíláàsì yẹn."

Mo dúpẹ́, mo jáde, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá wà lórí àga níwájú ilé Bísíríyù, létí ọ̀sà, ó ti sanra díẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé orúkọ mi wà nínú ìwé tí wọ́n fi lé e jáde.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ó wí. "Ọwọ́ rẹ gbóná lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ nìkan lo fọwọ́ kàn mí láti oṣù méjì." Ó ní Ọlọ́run á forí jì wá.

Mo sọ pé àṣẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì forí ji ara mi, n kò sì tíì forí ji wọ́n. Mo ti kó kúrò ní ilé náà. Wọ́n ní kíláàsì Díákónì ń kún sí i.