Omi Ìsàlẹ̀ Ife

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì kan máa ń gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìyá rẹ̀ ń gbé, kí àwọn méjèèjì lè jọ wo erin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Fíìmù erin ni mo ń wí, kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ kan tí páálí rẹ̀ ti ya, tí àwòrán rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Láti kékeré nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń wò ó nínú ilé yẹn, tọmọdé tàgbà. Fíìmù tí èèyàn lè bá ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó wò láìsí pé ojú ń tì í, mélòó ló kù láyé? Kò síbọn níbẹ̀, ìhòòhò ibẹ̀ ò sì ju ti erin lọ. Erin ṣáà ń wá omi kiri nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ohùn bàbá ni wọ́n ń jókòó tì. Èdè àjèjì ni ẹni tó ń ṣàlàyé nínú fíìmù náà ń sọ, ọmọ ò gbọ́, ìyá ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá, tó ń fi tánkà gbé omi kiri ìgboro, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ fídíò, ó sì gba ohùn tirẹ̀ lé ti onítọ̀hún lórí. Ó ní erin tó ṣáájú ni ìyálé, ó ní èyí tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀lẹ ni. Nígbà tó sọ ọ́ dé àárín, ó ké sí ìyàwó rẹ̀, aránṣọ: "Aránṣọ, jọ̀ọ́, bu omi wá. Ọ̀fun mi ti gbẹ ju ti àwọn erin yìí lọ." Gbogbo ẹ̀ ló wọnú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn erin á máa rìn láìsí ohùn kankan, ẹ ó gbọ́ tí ife kan eyín, ẹ ó gbọ́ gbì-gbì-gbì nínú ọ̀fun rẹ̀, kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá ti kú, ó ti pé ọdún méjì. Síbẹ̀, tí fíìmù bá ti dé ibẹ̀, aránṣọ á dìde, á dáhùn pé, "Mò ń gbé e bọ̀ o!" Á bu omi, á gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ẹnì kankan kì í jókòó sí mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì wo ife tó kún yẹn, àánú ìyá rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìyá ṣe kẹ̀yìn kó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó gbé omi mu pátá. Ìyá yíjú padà, ó rí ife tó ṣófo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí irọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìyá ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún rẹ̀ wú tìmù. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí: "Màmá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Èmi nìkan ni mò ń gbé, ilé mi ò ní àtẹ̀gùn."

"Ta ni yóò máa bu omi fún bàbá yín? Àbí o ò rí i pé wọ́n ṣì ń mu ún ni?"

Inú nọ́ọ̀sì bà jẹ́ gan-an. Òun tó ń di ẹsẹ̀ ìyá oníyàá ní ọsibítù, òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìyá tirẹ̀ dúró sórí àtẹ̀gùn tó fẹ́ pa á. Ó pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kan omi náà mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fíìmù parí, ife ṣì kún. Ìyá dúró tì í, ó wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ ọ́ lónìí?"

"Màmá..."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Bàbá yín kì í mu omi tán. Ẹ̀kún ẹnu kan ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ife, wọ́n á wá dà á sídìí òdòdó ojú fèrèsé. Títí wọ́n fi kú ni mo ń bá wọn jà lórí ẹ̀. Ìwọ wá ń mu tìẹ gbẹ bí ẹni tí wọ́n lé bọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ? Ẹ wá fẹ́ kú sórí àtẹ̀gùn yẹn?"

"O ò sunkún nígbà tí bàbá ẹ kú. Ò ń sáré pósí, ò ń fún àwa yòókù lóògùn. Ìdí ife yẹn nìkan ni mo ti rí i kí ojú ẹ pọ́n. Mo ní tí mo bá kó kúrò níbí, níbo lo ti máa wá rí wọn?"

Ẹkún tí nọ́ọ̀sì ti dì sínú látọdún méjì wá já lù ú. Ó sun ún débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ife, ó mu omi náà tán fúnra rẹ̀. "Ó yá, bá mi di ẹrù."

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé nọ́ọ̀sì ni wọ́n wà, tàga tàpótí, ti fídíò ti ìkòkò òdòdó. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Agogo mẹ́rin lù, ohùn bàbá jáde: "Aránṣọ, jọ̀ọ́, bu omi wá."

Aránṣọ ò mira. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ó ń ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì. Àwọn erin ń rìn láìsí ohùn. Kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀, òun náà ti dìde. "Mò ń bọ̀, Bàámi." Ó gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá lẹ́yìn wọn, ó padà wá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àwọn erin fi rí omi, tí àwòrán fi parẹ́.

Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, ẹ̀kún ẹnu kan ló kù nísàlẹ̀ ife.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ dìde?"

"Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi dìde? Ṣebí o di ọwọ́ mi mú?"

Orí nọ́ọ̀sì wú. Ìyá rẹ̀ wo àga náà títí. "Wọ́n mọ ọ̀nà ilé ẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé ife náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó sì da ìyókù sídìí òdòdó.