Ọ̀pá Èéfín fún Bàṣé Àyìndé

Àwọn obìnrin Ṣakété tó ń bá Àyìndé wọkọ̀ lọ sí Kútọ̀nú kì í lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ wúkọ́, wọn á fi ìborùn nu ojú, ojú á pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ọkọ̀ náà, Pẹ́jò kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bàṣé, kò ní àbùkù mìíràn. Àmọ́ abẹ́ ìdí ni ọ̀pá èéfín rẹ̀ wà. Bó bá ti ń sáré, ṣe ni atẹ́gùn ń ká èéfín wọ abẹ́ tapólì, tí èéfín á bá àwọn èrò jókòó.

Ràfíátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Nimotallahi, kò mọ̀, nítorí iwájú lòun máa ń jókòó. Ìgbà tí Ìbíjọkẹ́ elépo, tó ti ń bá wọn rìn láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, sọ fún un pé òun ń wá ọkọ̀ mìíràn, ló tó lọ jókòó sẹ́yìn wò. Kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́, orí ti ń fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ọjà Gbégamey ní Kútọ̀nú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di igi mú, ó ní ọ̀dọ̀ Adéníjì ni kí àwọn kọ́kọ́ lọ.

Adéníjì ni jórin-jórin tó wà lẹ́yìn ọjà. Ará Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Kútọ̀nú débi pé èdè Fọ̀n ló fi ń bínú. Òun ló ń bá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá gbé ọ̀pá èéfín wọn dúró lóòró lẹ́yìn orí ọkọ̀, kí èéfín lè máa gba òkè lọ. Ó wo abẹ́ bàṣé náà, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, kí wọ́n ṣáà mú èyí tó wù wọ́n nínú àwọn tó fi ti ògiri.

Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ti ṣe inú rẹ̀ kó lè máa dín ariwo kù. Ràfíátù ti ń nawọ́ sí i. Àyìndé kò tilẹ̀ rí i. Ojú rẹ̀ ti lọ sára méjì kan tó ń dán yinrin, tó sanra tó itan ọkùnrin, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ agégẹdú kan tó ti bàjẹ́. Ó fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Ó ní òun ti rí irú wọn létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun, pé bí ọkọ̀ náà bá ń bọ̀, inú ènìyàn á máa gbọ̀n rìrì. Ràfíátù ní ọkọ̀ yẹn tó ilé, tiwọn kò ju yàrá lọ. Àyìndé ní ìlú ti gba òmìnira, kí ló dé tí ọkọ̀ òun kò ní lè sọ̀rọ̀ sókè.

Adéníjì kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ó fi wáyà so méjèèjì mọ́ ọkọ̀, ó ní kí wọ́n lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìbíjọkẹ́, tó ṣì wà pẹ̀lú wọn, ní gàrí tí yóò kó ní Godomey, wọ́n bá gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, òun àti Ràfíátù lẹ́yìn.

Lóòótọ́ ni èéfín kò wọlé mọ́. Àmọ́ Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa iye tí wọn yóò máa ta epo lọ́sẹ̀ yẹn, Ràfíátù ń wo ètè rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo ọ̀pá lọ. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ náà ti yé e. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni àwọn obìnrin ti ń fẹnu kò lórí iye ọjà kí wọ́n tó dé ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó jáde nílé ọkọ. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ mìíràn ni wọn yóò wọ̀.

Ní oríta Godomey, jàndámù kan, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ti gbọ́ wọn láti òkèèrè. Ó rò pé ọkọ̀ ológun ló ń bọ̀. Ó dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ó tún fìlà ṣe, ó dúró ṣánṣán. Nígbà tí bàṣé yọ, ó jẹ́ kó kọjá, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá yóò rí èyí tó ń dún. Ìgbà tí kò rí nǹkan kan ló fọn fèrè. Ó wá bá wọn, ó yí ọkọ̀ náà po, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ Àyìndé pé, “Ọkọ̀ ńlá yẹn dà?”

Àyìndé fi ìka han ọ̀pá méjèèjì. Jàndámù wò wọ́n, ó wo ọkọ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ràfíátù ní tirẹ̀ kò lè pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, tí Ìbíjọkẹ́ ní láti dì í mú. Jàndámù ní kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ariwo náà.

Wọ́n kó gàrí tán, wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ Adéníjì. Àyìndé pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ràfíátù lọ jókòó tì í níwájú. Ó rántí gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó ń sùn ti ẹrù ẹlẹ́rù, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá Nimota,” ó ní, “ṣé dandan ni kí àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀?”

“Báwo?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo yẹn bọnú ọ̀kan, kí èéfín máa gba ibẹ̀ lọ. Èkejì, kó kàn dúró. Kó máa dán.”

Àyìndé wo àwọn ọ̀pá náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Adéníjì, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ti ń fi okùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn ń yíjú wo bàṣé náà bó ṣe ń kọjá, Àyìndé sì ń nàró lórí ìjókòó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Àjàṣẹ́ ni ó gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn, kedere. Ìbíjọkẹ́ ló ń sọ fún àwọn tó kù pé bí ọkùnrin yìí bá rí kòtò, ṣe ló dà bíi pé inú rẹ̀ ń dùn, òun kò tíì gbé kèrègbè epo kan dé Kútọ̀nú kó kún rí. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Àyìndé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Èmi ni wọ́n ń sọ?”

“Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́,” Ràfíátù dáhùn.

Kòtò kan wà níwájú. Àyìndé tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì na etí sẹ́yìn láti gbọ́ ohun tí wọn yóò wí.