Ọ̀sẹ̀ Iléyá ní Yàrá Kẹrìnlá

"Àgbò kì í ṣe àlejò, Alhaja. Ẹ jẹ́ ká so ó síta ná."

"Èmi gan-an kì í ṣe àlejò. Ilé mi ni mo wá. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ jàre, Hajarat. Oòrùn ti pa mí."

Hajarat tún wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti wò ó títí, ohun kan náà ló ń sọ: yàrá kẹrìnlá, Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer láti Ọ̀yọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Orúkọ Alhaja Sìkírátù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Iléyá sì rèé, ọ̀la ni.

Lẹ́yìn Alhaja, Kareem ọmọ rẹ̀ tó wa mọ́tò wá láti Àbújá ń já ẹrù sílẹ̀: ìkòkò, àpò ìrẹsì, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Àwọn ọmọ Kareem ti sá lọ sídìí wíìlì ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè. Àgbò ké. Ó tún ké.

Òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni ibí yìí tẹ́lẹ̀, nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí àwọn olówó kò wá mọ́, àwọn tó ni ín fọ́ ògiri, wọ́n yọ báàfù ńlá kúrò, wọ́n fi síǹkì àti sítóòfù gáàsì síbẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan wá di ilé kékeré. Wọn kò tà á fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí àádọ́ta èèyàn ló ń ra yàrá kan, kálukú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Hajarat, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ní kó wá oníbàárà láàárín àwọn Mùsùlùmí, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é ní Ọ̀sẹ̀ Iléyá.

"Alhaja, ọ̀sẹ̀ Iléyá yìí, tiyín ni títí ayé." Bó ṣe wí nìyẹn. Àfi bí ẹni tí kì í gbààwẹ̀. Àfi bí ẹni tí kò mọ̀ pé oṣù là ń wò ká tó ṣọdún, pé ọdọọdún ni Iléyá ń tètè dé ju ti èṣí lọ. Kọ̀ǹpútà kì í wo oṣù, kàlẹ́ńdà òyìnbó ló ń tẹ̀ lé. Léṣìí, ọ̀sẹ̀ àti ọdún bọ́ síra wọn, kò sẹ́ni tó ronú kan ọ̀la.

Alhaja ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó lè ra ọ̀sẹ̀ kan yìí. Àwọn ọmọ ìyálé rẹ̀ ti gba ilé ńlá lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, yàrá méjì péré ló kù fún un ní Ìkòyí-Ilé, tí kò síná, tó jẹ́ pé omi kànga ni wọ́n ń pọn. Ọdún á dé, ọdún á lọ, àwọn ọmọ mẹ́rin tó bí kò ní wá. Àmọ́ léṣìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé sí yàrá kẹrìnlá. Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá nǹkan mìíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. "Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni akọrin yìí? Ìyàwó mi fẹ́ sùn."

"Ẹ kó ẹrù yín jáde nínú ilé mi, bàbá, á dákẹ́."

"Ilé yín kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó nìyí, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ẹ bi wọ́n."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Hajarat. Ó sáré wọ ọ́fíìsì Adébóyè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Àǹtí Hajarat, ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù wọ́n nínú," ni Adébóyè wí. "Ẹ ní àṣìṣe kékeré ni, a máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣé a máa tún un ṣe lóòótọ́?"

"Báwo la ṣe fẹ́ tún un ṣe? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ti lólúwa. Ẹ sáà sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí yàrá kan tó ṣófo?"

"Ìgbà òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, àǹtí. Ẹ tètè ṣe é o. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí yín ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, Ọ̀sẹ̀ Iléyá làwọn náà fẹ́ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ariwo níbí."

Hajarat jáde. Ó dúró. Ó padà dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó tún yí padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alhaja, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, ọ̀sẹ̀ yín kì í ṣe ọ̀sẹ̀ Iléyá mọ́. Ọdún ti kúrò nínú ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, á tún jìnnà sí i."

"Ìgbà wo ló máa padà bọ́ sí i?"

"Á lé lọ́gbọ̀n ọdún."

Alhaja, tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún, bú sẹ́rìn-ín. "Kareem, wá gbọ́ o! Àwọn wọ̀nyí ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún mi."

Kareem kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, tí kì í bá ṣe ibí, Àbújá ni mò ń padà sí. N kò lè kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkòyí."

"Kí ni Ìkòyí fi ṣe ọ́?"

"Kò síná, kò sómi."

"Kànga tí mo fi omi rẹ̀ wẹ̀ ọ́ kò tíì gbẹ."

Kareem wo ilẹ̀. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó gbé àpò ìrẹsì padà sínú búùtù, ó ń kùn. Ó di àgbò mú níwo, ó ń kùn. Ó pe àwọn ọmọ kúrò nídìí wíìlì. Hajarat bá a gbé ìkòkò.

"Ẹ má bínú, Màámi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Mo gbọ́." Alhaja ti jókòó sí iwájú mọ́tò. "Ta ni o tún sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn yẹn fún?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ilẹ̀kùn. Hajarat ń wo mọ́tò náà títí ó fi jáde ní géètì, tó sì yà sápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ sí Ìkòyí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà lọ sí Àbújá.

Adébóyè yọjú. "Wọ́n ti lọ? Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo mọ̀ pé ẹ lẹ́nu."

Hajarat ti gbé fóònù sétí.

"Ìyá Zulaikha, ẹ kú ìmúra ọdún. Ṣé ẹ̀yin àti àwọn ìyá yòókù ti gbéra? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ná. Ó ní nǹkan tí n kò sọ fún yín."

Adébóyè ń juwọ́ sí i, ó ń mi orí. Hajarat kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.